Erékùṣù tí Kò Ní Ìdẹ́nà

Mo júbà Kábíyèsí Alákétu. Mo kí ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, mo kí ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ fi oko sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí àga kò kárí, ẹ kú ìdúró o.

Nígbà tí àbúrò mi gbọ́ pé ẹyẹ òkun ni mo fẹ́ wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkun wo ló wà ní Kétu?" Mi ò bínú sí i. Láti ibí dé etí òkun ní Kútọnu ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, àgbà sì wà láàárín wa tí kò fẹsẹ̀ kan omi iyọ̀ rí. Àmọ́ ẹyẹ fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. A ń gbẹ́ ẹ sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá dárúkọ ẹlẹ́yẹ. Ohun tó sì gbé mi wá gan-an ń bẹ lápò mi. Òrùka kan ni, ó kéré ju òrùka ọmọ ìkókó lọ.

Mo ń kàwé ní Kútọnu nígbà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rìn lọ sí etí òkun níbi tí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń fi okùn wọ́ ẹyẹ kiri lórí iyanrìn bí ẹni ń fa mọ́tò ìṣeré. Ẹyẹ náà funfun, orí rẹ̀ dúdú bí ẹni dé fìlà, ìrù rẹ̀ là sí méjì bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́. Kí èmi àti ọmọ náà tó fẹnu kò lórí iye tí màá fún un, ẹyẹ ti kú. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká yípo, tí àmì wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀: orúkọ London, àti nọ́ńbà. Mo kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èsì dé. Wọ́n ní inú ìtẹ́ ni wọ́n ti fi òrùka yẹn sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tí kò tíì lè fò, ní Rockabill, erékùṣù olókùúta kékeré kan lẹ́bàá Ireland, níbi tí ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà wà.

Ẹyẹ tó fi apá ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ kọjá gbogbo omi yẹn, okùn ọmọdé ló pa á ní etí òkun tiwa. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹyẹ òkun ni ẹyẹ tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú òkun, tí oorun rẹ̀ náà wà lójú òkun, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ló ń gbé e gúnlẹ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní sooty tern. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti fò kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú omi kó tó tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń yàn ni erékùṣù tó jìnnà sí gbogbo ayé, nítorí kò sí ejò níbẹ̀, kò sí ológbò, kò sí èkúté. Wọ́n ń yé ẹyin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní gbangba. Òmíràn ń gbẹ́ ihò bíi ti òkété, á wọ inú rẹ̀ sàba.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìlú tiwa. Àwọn baba wa mọ odi, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n gbé Àkábà Ìdẹ́nà sẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀tá ń bẹ. Ọmọ tí a bí sínú odi Kétu, kó tó mọ oríkì baba ńlá rẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé ìta léwu. Ìlú ẹyẹ òkun kò mọ ọ̀tá rí. Òkun ni odi wọn, òkun náà ni yàrà wọn. Wọn kò yan ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà nítorí kò sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìbẹ̀rù fi kúrò nínú ara wọn. Ẹni tó bá rìn lọ bá albatross, ẹyẹ òkun ńlá kan, nínú ìtẹ́, ẹyẹ náà á kàn máa wò ó ni. Nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó wá dé, tí èkúté gba orí okùn sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n tú ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹran jẹ nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, kò sí ohun kan tó ní kí wọ́n dúró.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé lónìí ni pé àwọn ọ̀tá tó ń ṣe ẹyẹ òkun léṣe jù, a rí ẹni tó fi ọkọ̀ gbé wọn lọ bá wọn. Ohun tí a sì gbé lọ, a lè gbé e kúrò. Wọ́n ti ṣe é níbi púpọ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ fi adìẹ ilé ṣe ìwọ̀n. Adìẹ tó sàba lẹ́yìn ilé yín, ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwòdì gbé mẹ́ta, òjò pa méjì, ẹ ṣì rí márùn-ún tàbí mẹ́fà sìn. Àparò inú oko àgbàdo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Albatross tó tóbi jù, tí apá rẹ̀ bá nà tán tó ju mítà mẹ́ta lọ, ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé. Ọmọ yẹn á wà nínú ìtẹ́ bí oṣù mẹ́sàn-án kó tó fò, nítorí náà ọdún méjì méjì ni ìyá rẹ̀ ń yé. Ọmọ náà á tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí òun náà tó bímọ. Ẹ̀yin ọdẹ mọ ìṣirò yìí dáadáa ju èmi lọ: ẹran tó ń bí púpọ̀, a lè pa nínú rẹ̀ kó ṣì kù, ẹran tó ń bí ọ̀kan, tí a bá pa á, àlàfo rẹ̀ kì í tètè dí.

Ohun tó sì ń tan ojú jẹ ni pé àwọn ẹyẹ yìí ń pẹ́ láyé. Ọ̀kan ń bẹ ní Midway, erékùṣù kan láàárín gbùngbùn òkun Pàsífíìkì, tí wọ́n sọ ní Wisdom, ìyẹn Ọgbọ́n. Chandler Robbins ló fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀ ní 1956, ó sì ti dàgbà tó ẹni tó ń yé ẹyin nígbà náà. Ní òpin 2024 ó tún padà wá, ó tún yé. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò dín sí ọdún 74. Robbins fúnra rẹ̀ ti kú ní 2017 lẹ́ni ọdún 98. Ní 2011, nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ Jàpáànì rán omi dé Midway, ọmọ albatross tó ju 110,000 lọ ló bómi lọ. Ó bọ́ nínú ìyẹn náà. Mo máa ń rò ó pé bí ìwọ̀ apẹja kan bá ti gbé ìyá àgbà yẹn mì ní 1970, ẹyin mélòó ni kì bá ti sí láyé?

Nítorí pé wọ́n ń pẹ́ báyìí, erékùṣù lè máa kú lọ kí ojú má rí i. Ẹ ó dé ibẹ̀, ẹ ó rí àgbà ẹyẹ lọ súà lójú ọ̀run, ẹ ó ní wọ́n pọ̀. Ó dà bí ìlú tí èèyàn wọ̀ tó rí àgbàlagbà lójúde gbogbo, tí kò sì gbọ́ igbe ọmọ kankan. Kíkà ló ń tú àṣírí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó kó iye àwọn ẹyẹ òkun tí wọ́n ń kà káàkiri ayé jọ rí i pé láti 1950 sí 2010, nínú ẹyẹ mẹ́wàá àwọn agbo tí wọ́n ń ṣọ́ yẹn, méje ti lọ. Ìgbà ayé ẹnì kan péré ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí erékùṣù kan tó jẹ́ ti Áfíríkà, kí ẹ lè rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Marion ni orúkọ rẹ̀, Gúúsù Áfíríkà ló ni ín. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, bíi 2,000 kìlómítà sí Cape Town, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti sinmi. Nínú albatross ńlá tó ń rìn kiri òkun, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo tó wà láyé ló ń lọ yé síbẹ̀. Ní bíi igba ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń pa seal, ẹran inú òkun kan, nítorí awọ rẹ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀lírí sì bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà wá kọ́ ilé síbẹ̀ fún àwọn tó ń wo ojú ọjọ́, ẹ̀lírí kò jẹ́ kí oúnjẹ wọn gbádùn. Wọ́n ṣe ohun tí èyíkéyìí nínú wa ì bá ṣe: ní 1949, wọ́n gbé ológbò márùn-ún wá.

Ológbò márùn-ún, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ni ológbò fẹ́ máa fi ẹ̀lírí ṣe nígbà tí ẹyẹ tí kò mọ sísá jókòó sínú ihò káàkiri? Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n ti ju 2,000 lọ, iye ẹyẹ tí wọ́n ń pa lọ́dún kan sì tó 450,000. Wọ́n kó àrùn ológbò wọ àárín wọn, wọ́n fi ìbọn dọdẹ wọn lóru lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, wọ́n dẹ pàkúté. Ọdún 1991 ni ológbò tó kẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀. Márùn-ún wọlé ní ọjọ́ kan, ó sì gba ọdún méjìlélógójì láti fi lé àtọmọdọ́mọ wọn jáde.

Ẹ̀lírí wá kù. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ ń móoru sí i, ẹ̀lírí ń bí sí i, kòkòrò inú ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ń tán lọ. Ebi wá kọ́ wọn ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ẹ̀lírí lè ṣe. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ albatross jókòó sórí ìtẹ́ amọ̀ rẹ̀ lóru, ó tó kìlógírámù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ẹ̀lírí tí kò wúwo tó ẹyin adìẹ gùn ún lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e jẹ. Òmíràn tún gùn ún. Ọmọ ẹyẹ náà lè fi ẹnu rẹ̀ gé ẹ̀lírí yẹn sí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ìjà ni. Ó kàn ń gbọn orí ni. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ. Mo ti rí àwòrán irú rẹ̀, mi ò gbé e wá fún yín lónìí nítorí àwọn ọmọdé. Ní 2023 wọ́n rí àgbà albatross gan-an tí ẹ̀lírí jẹ pa. Ti ọmọ burú. Ti àgbà tí ọmọ rẹ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀ kò tíì jáde láyé burú jù ú lọ.

Nítorí náà wọ́n ń múra láti lé ẹ̀lírí kúrò ní Marion pátápátá. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ẹ sì máa rí ìdí rẹ̀. Hẹlikópítà ló máa gbé oúnjẹ tí wọ́n fi májèlé eku sí, yóò máa fọ́n ọn láti òkè ní ìlà ìlà, bí ẹ ti ń ṣe ebè, kí ìlà kan sì gorí èkejì díẹ̀ kí àlàfo má baà wà. Ó gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ilẹ̀, tí ó fi dé ara àpáta tí ẹsẹ̀ èèyàn kò lè tẹ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ebi ń pa ẹ̀lírí, tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ kò sì sí nílé. Bí abo ẹ̀lírí kan tó lóyún bá ṣẹ́kù lábẹ́ òkúta kan, owó ti wọ omi.

Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Gough. Gough jẹ́ erékùṣù ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà, ibẹ̀ sì ni irú albatross kan tí wọ́n ń pè ní Tristan ń gbé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ibòmíràn tó ní in láyé. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ẹyin àti ọmọ ẹyẹ tí ẹ̀lírí ń jẹ níbẹ̀ lọ́dún kan tó mílíọ̀nù méjì. Ní 2021 wọ́n kó hẹlikópítà lọ, wọ́n fọ́n májèlé, gbogbo èèyàn ń gbàdúrà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n gbé sínú igbó fi ẹ̀lírí kan hàn. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo kà á. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn kò ṣàìgbìyànjú, ilẹ̀ náà ló le.

Ṣùgbọ́n erékùṣù South Georgia ń bẹ, tó tóbi ju méjèèjì lọ fíìfíì. Èkúté ló wà níbẹ̀, láti ìgbà àwọn tó ń pa seal àti àwọn tó ń pa àbùùbùtán. Láti 2011 sí 2015 wọ́n fọ́n májèlé ká gbogbo ibi tí èkúté wà, apá kan tẹ̀ lé òmíràn, yìnyín ńlá ló sì pààlà sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n kó ajá tí wọ́n kọ́ láti máa gbóòórùn èkúté lọ síbẹ̀, wọ́n rìn ká. Ajá kò gbó. Ní 2018 wọ́n kéde pé èkúté ti tán ní South Georgia. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ lónìí, wọ́n á yẹ inú àpò aṣọ rẹ̀ wò bóyá irúgbìn koríko bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á ní kó fọ bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ajá á sì gbóòórùn ọkọ̀ kó tó gbéra. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ètò yìí, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi pè é ní èdè wa. Kò pẹ́ tí mo rí i. Ìdẹ́nà ni. Ohun tí àwọn baba wa ṣe sí ẹnu odi Kétu, òun ni wọ́n wá ń ṣe sí ẹnu òkun.

Ó tún yẹ kí n sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wo gbogbo ilé kó tó fọwọ́ kan ohun kan. Ológbò kúrò nílé, ilé dilé èkúté: ó ṣẹ ní Macquarie, erékùṣù Ọsirélíà. Wọ́n pa ológbò ibẹ̀ tán ní 2000, ehoro tí ológbò ń pa tẹ́lẹ̀ wá bí títí wọ́n fi jẹ koríko ilẹ̀ tán, orí òkè sì ń ya lulẹ̀. Wọ́n ní láti tún padà lọ kó ehoro, èkúté àti ẹ̀lírí kúrò lápapọ̀. Ní 2014 ni wọ́n tó lè sọ pé ó parí.

Ọ̀tá kejì ni ìwọ̀. Ọkọ̀ apẹja ńlá máa ń tú okùn kan sílẹ̀ tó gùn tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀ so mọ́ ọn, ìjẹ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí okùn yẹn tó rì, ẹyẹ á já lu ìjẹ, ìwọ̀ á kọ́ ọ lẹ́nu, okùn á sì fà á wọ inú omi lọ. Ẹyẹ òkun tó ń kú báyìí lọ́dún kan ní gbogbo ayé kò dín sí 160,000. Ohun tó ń dá mi lọ́rùn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé oògùn rẹ̀ kò wọ́n rárá. Wọ́n ń so okùn kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí aṣọ tàbí rọ́bà aláwọ̀ títàn ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lára rẹ̀, bí ẹ ti ń fi àkísà dẹ́rù ba ẹyẹ nínú oko ọkà. Ẹyẹ á sá. Wọ́n á sì máa ju ìwọ̀ lóru, wọ́n á so òjé mọ́ ọn kó lè tètè rì. Ní Nàmíbíà, tí òfin ti mú gbogbo ọkọ̀ láti máa lo okùn yẹn láti 2015, iye ẹyẹ tó ń kú lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń ju okùn ìwọ̀ sísàlẹ̀ òkun ti fi 98 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Walvis Bay ló sì ń ṣe okùn náà tà fún àwọn ọkọ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ gbọ́ ìyẹn o: owó ń wọlé fún wọn, ẹyẹ sì ń yè.

Àwọn ohun mìíràn ń bẹ tí kò ṣeé fi hẹlikópítà kó kúrò. Ike àti ọ̀rá tó léfòó lójú omi ń wọ ikùn ọmọ ẹyẹ nítorí ìyá rẹ̀ rò pé ẹja ni. Òkun ń gbóná, ẹja ń ṣí kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àrùn adìẹ tí àwọn Faransé ń pè ní grippe aviaire wọ àárín ẹyẹ òkun láti 2021, ó pa wọ́n ní Scotland, ó pa wọ́n ní Peru lọ́pọ̀ yanturu, ó sì dé South Georgia ní 2023. Ọ̀rọ̀ wọn tóbi ju ìjókòó òní lọ. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé agbo tí èkúté kò bá tíì jẹ ìdajì rẹ̀ ló lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mọ́ mi nínú jù. Bermuda jẹ́ erékùṣù lójú Àtìláńtíìkì, ó jìnnà sí Amẹ́ríkà. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cahow, igbe ẹnu rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀. Òru ló ń ké, àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ sì rò pé àǹjọ̀nú ló ni ilẹ̀ náà. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ hú ihò ẹyẹ náà, àwọn èèyàn tó wá tẹ̀dó níbẹ̀ ní 1612 pa á jẹ, èkúté àti ológbò gba èyí tó kù. Kó tó di 1630 wọ́n ti ní ó tán. Fún bíi 330 ọdún, ìtàn ni cahow. Ní 1951, àwọn onímọ̀ kan lọ yẹ àwọn àpáta kéékèèké tó wà létí ibẹ̀ wò, ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ David Wingate sì bá wọn lọ. Wọ́n na ọwọ́ wọ inú ihò àpáta, wọ́n fà á jáde. Cahow ni, láàyè.

Ọmọkùnrin yẹn fi gbogbo ayé rẹ̀ sin ẹyẹ náà. Ohun tó ń pa ọmọ cahow nígbà náà ni ẹyẹ mìíràn tó tóbi jù ú lọ, tó máa ń wọ ihò wọn láti gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gé pákó, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n fi dí ẹnu ihò àpáta. Ihò pákó náà gba cahow, kò gba ẹyẹ kejì. Wọ́n ń fi ìwọ̀n tín-ín-tín wọn ihò pákó yẹn, nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ara àwọn ẹyẹ méjèèjì kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi pákó ṣe ìdẹ́nà sẹ́nu ilé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, takọtabo 18 péré ló kù. Lónìí wọ́n ti ju 150 lọ.

Ascension náà, tó jẹ́ aládùúgbò wa nínú Àtìláńtíìkì yìí: àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ ní 1815, ológbò tẹ̀ lé wọn, ẹyẹ frigate ibẹ̀, tí kò sí níbòmíràn láyé, sì sá gorí àpáta kékeré kan létí ibẹ̀. Wọ́n kó ológbò tó di ti igbó kúrò, wọ́n sì kéde ní 2006 pé ó tán. Ní 2012 ẹyẹ frigate padà wá yé lórí ilẹ̀ ńlá, lẹ́yìn ohun tó ju 150 ọdún lọ.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa gan-an, ní gúúsù Príncipe, àpáta méjì wà tí wọ́n ń pè ní Tinhosas, igi kò hù níbẹ̀, omi mímu kò sí. Ibẹ̀ ni ẹyẹ òkun pọ̀ sí jù nínú gbogbo ọ̀gbun òkun Guinea yìí, sooty tern ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láti Kútọnu kò tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ iléèwé mọ orúkọ yẹn bí ẹ ti mọ Ganvié.

Ẹyẹ tó ni òrùka mi ńkọ́? Roseate tern ni orúkọ irú rẹ̀. Ní Rockabill, wọn kò tó 200 takọtabo ní 1989 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan olùṣọ́ síbẹ̀. Àwọn olùṣọ́ yẹn ń gbé àpótí pákó kéékèèké kalẹ̀ kí ọmọ ẹyẹ lè rí ibi sá sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n pọ̀ sí i títí wọ́n fi ju 1,500 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù ilẹ̀ wọn, etí òkun tiwa ni wọ́n ń wá. Ní Gánà, àwọn ọmọdé ń dẹ okùn mú wọn létí òkun, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ láti 1985. Ọmọdé kì í fi ìkà ṣe é. Kò sí ẹni tó sọ fún un ibi tí ẹyẹ náà ti wá ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ọmọ Kétu kún Kútọnu. Ẹni tó bá ní ọmọ, ní àbúrò níbẹ̀, kó sọ fún un. Bí ẹ bá sì rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹyẹ bá ṣì wà láàyè, ẹ jẹ́ kó lọ pẹ̀lú òrùka rẹ̀.

Ẹ ṣeun.

Lẹ́yìn tí mo parí, mo ní kí wọ́n fi òrùka náà lé ara wọn lọ́wọ́, mo sì gba ìbéèrè. Bàbá ọdẹ kan tó jókòó níwájú dìde. Ó ní, "Olùkọ́, ẹyẹ tí wọ́n lé kúrò nílẹ̀ baba rẹ̀, ta ló ń sọ fún un pé ọ̀tá ti lọ?" Ìbéèrè yẹn lágbára. Mo sọ fún un nípa Torishima, erékùṣù Jàpáànì, níbi tí wọ́n ti pa albatross nítorí ìyẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi kéde ní 1949 pé ó tán, tí wọ́n tún rí bíi mẹ́wàá ní 1951. Ibi tí àwọn yẹn ń yé sí kò dáa, iyanrìn òkè ń ya lu ìtẹ́ wọn. Hiroshi Hasegawa àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ́ ère albatross, wọ́n kùn ún, wọ́n tò wọ́n sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ gbé ohùn albatross jáde níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹyẹ gbọ́ ohùn, wọ́n rí ère, wọ́n balẹ̀, wọ́n fẹ́ra, wọ́n yé. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí a ti ń fi ohùn pe àparò nìyẹn. Àmọ́ àwa, láti pa á ni."

Òrùka ti wá dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, kò rí i kà, ó nà án sí ọmọ iléèwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ka nọ́ńbà yẹn sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ka orúkọ ìlú náà. Bàbá ní ọmọ ọmọ òun kan ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń fa àwọ̀n ní Kútọnu, kí n kọ àdírẹ́sì yẹn fún òun. Mo ya ojú ìwé kan nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà, ó ká a, ó fi í sínú fìlà rẹ̀.